Iṣẹ́ Ìwòsàn Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Ìjà

Ní àwọn ilé ìwòsàn kékeré ìletò wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun tó sì mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, "dókítà" ni a ń pè é. Ìbáà ṣe infirmier, ìbáà ṣe agbẹ̀bí, ìbáà tilẹ̀ ṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, a kì í sì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wo ọmọ wa sàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tí àwa kì í béèrè yìí gan-an, "Ta ni yín, kí ni ẹ kọ́?", ti di ọ̀rọ̀ tí ó dé iwájú ìjọba, tí ó dé ilé ẹjọ́, tí ó sì dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Iṣẹ́ tí ó fà á ni èyí tí wọ́n ń pè ní physician associate. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn tàn yín jẹ. Kì í ṣe physicien. Oníṣègùn ni physician lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kejì, associate, túmọ̀ sí ẹlẹgbẹ́ tàbí alábàáṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ìjà wà.

Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èyí tí àwa ń pè ní licence, pàápàá nínú ìmọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tàbí nínú ẹ̀kọ́ mìíràn tó jẹ mọ́ ìlera. Lẹ́yìn náà ni yóò lo ọdún 2 sí i. Ọdún 2 yìí kò jọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, nítorí pé ìsinmi inú rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. A ó kọ́ ọ ní ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ wọn, ní àìsàn àti oògùn, ní bí a ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, bí a ti ń fọwọ́ yẹ ikùn wò àti bí a ti ń fetí sí àyà. Nǹkan bí ìdajì àkókò náà, wákàtí 1,600, ni yóò lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn: ní ilé ìwòsàn àdúgbò, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, níbi iṣẹ́ abẹ, lọ́dọ̀ àwọn aboyún, lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, lọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Apá kan rẹ̀ jẹ́ kíkọ, apá kejì sì jẹ́ ti ọwọ́, níbi tí àwọn àgbà yóò ti máa wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é.

Ẹni tó bá yege yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó dókítà àgbà kan. Ó lè gbọ́ ìtàn àìsàn, ó lè yẹ ara wò, ó lè ka èsì àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé oògùn, kò sì lè pàṣẹ pé kí a ya àwòrán inú ara pẹ̀lú X-ray. Dókítà ní ilẹ̀ kan náà máa ń lo ọdún 5 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tàbí 4 bí ó bá ti ní oyè kan tẹ́lẹ̀, yóò sì tún lo ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́ ìpìlẹ̀ kí ó tó yan ẹ̀ka tí yóò gbájú mọ́. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọdún 2 ti àwọn wọ̀nyí di asán.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú iṣẹ́ náà wá. Ní ọdún 1965, Dókítà Eugene Stead ní Yunifásítì Duke, ìpínlẹ̀ North Carolina, rí i pé dókítà kò tó, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun ojú omi ń padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ó fi 4 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́; 3 jáde ní ọdún 1967. Lónìí, àwọn tó jogún wọn ní Amẹ́ríkà ń kọ ìwé oògùn ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun fẹ́ kí àwọn physician associate tó 10,000 títí di ọdún 2036 sí 2037. Ṣùgbọ́n ikú kan ti ṣẹlẹ̀ kí ìkéde yẹn tó jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan kú nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì; ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì lè mí délẹ̀. Physician associate ló rí i nígbà méjèèjì, òun sì rò pé dókítà ni. Adájọ́ tó ṣèwádìí ikú náà sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ó yè.

Dókítà pàápàá a máa ṣi ẹ̀jẹ̀ dídì mú fún nǹkan mìíràn. Ohun tó gún àwọn ará ìlú lọ́kàn ni pé aláìsàn náà kò mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá mọ̀ ni, ó lè ti sọ pé òun fẹ́ rí dókítà.

Láti ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, GMC, ti gba ìforúkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí náà sọ́wọ́. Ìjọba sì ti ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gillian Leng tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2025. Àbá 18 ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe rí aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, àfi níbi tí ìlànà tó yé kooro bá gbà wọ́n láàyè. Kí aṣọ àti káàdì ọrùn wọn yàtọ̀. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́kọ́ lo ọdún 2 ní ilé ìwòsàn ńlá kí ó tó lọ sí ti àdúgbò. Ó sì ní kí orúkọ wọn yí padà sí physician assistant, olùrànlọ́wọ́ dókítà. Ìjọba gba gbogbo rẹ̀ wọlé.

Yorùbá tó ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹlẹgbẹ́ yàtọ̀ sí olùrànlọ́wọ́. Assistant ni wọ́n ń jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó di associate. Ohun tó wá jọni lójú ni pé ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà dìbò láti fi assistant sílẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ́ associate. Ọkọ̀ méjì pàdé lójú òkun. Ibi tí ọ̀kan ń lọ ni èkejì ti ń bọ̀.

Àwa náà ti ní irú ìtàn yìí nílẹ̀ wa, ó sì pẹ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní ọdún 1918 ni ìjọba amúnisìn Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún gbogbo agbègbè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀, Dahomey àtijọ́ sì wà lára wọn. Médecin auxiliaire ni wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin tó bá jáde níbẹ̀: dókítà ìrànlọ́wọ́. Félix Houphouët-Boigny, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire, jáde níbẹ̀ ní ọdún 1925. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah, tó ṣe ààrẹ Dahomey láti 1968 sí 1969, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ìwé ẹ̀rí wọn kò dọ́gba pẹ̀lú ti dókítà tó kàwé ní Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ èyíinì níláti wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó lọ jókòó sínú kíláàsì lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́? Nígbà tí wọ́n bá gbé irú ọ̀dọ́kùnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, ó lè jẹ́ òun nìkan ni oníṣègùn òyìnbó tí gbogbo agbègbè náà yóò rí, tí yóò máa bu àjẹsára, tí yóò máa wo ọgbẹ́ àti ibà, tí wọn yóò máa jí lóru nítorí aboyún. Orúkọ náà kéré sí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Nígbà tó yá ni wọ́n yí i padà sí médecin africain, bí ẹni pé ìyẹn náà sàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, pé orúkọ ti ga ju ẹ̀kọ́ lọ. Èmi kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà ni, nítorí pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n fi aláìsàn náà sínú òkùnkùn. Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ láìṣàlàyé fún ará ìlú ni.

Orúkọ kan náà tilẹ̀ lè jẹ́ ohun méjì. Ní Tógò, assistant médical jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní École des Assistants Médicaux ní Yunifásítì Lomé, ó ń yẹ aláìsàn wò, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní Faransé lónìí, assistant médical ni ẹni tó ń bá dókítà tọ́jú ìwé, tó ń ṣètò àsìkò ìpàdé, tó sì lè wọn ìfúnpá. Ará Lomé tó bá kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí Paris láìṣàlàyé, ó ti dín ara rẹ̀ kù. Èyí tó súnmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni infirmier en pratique avancée, tí òfin fìdí ẹ̀kọ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2018: infirmier tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì tún lo ọdún 2 ní yunifásítì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ní licence nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí láti Abomey-Calavi tàbí Lomé, tí ẹ sì ń wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà yìí lè dà bí ọ̀nà àbùjá sí yàrá dókítà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí ọdún 2 náà yóò di oyè dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn lẹ́yìn náà yóò tún wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì yín níláti tó èyí tí a fi ń tu aláìsàn nínú. Ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí ipò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ìlera ìjọba, nítorí náà ẹ má ṣe kà á sí ìwé tí ẹ ó mú wálé lọ́la láti fi gba iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àìpẹ́ yìí ni iṣẹ́ ti ṣòro fún láti rí, àwọn yunifásítì kan sì ti dá gbígba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè pé mélòó nínú àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá ló ti rí iṣẹ́, ní irú ilé ìwòsàn wo, lábẹ́ dókítà wo. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi owó bàbá yín ránṣẹ́ sí i.