Ìlọrin sí Ìbàdàn: Ọ̀nà Tí Bàálù Kì í Ná

Ará Ìlobùú tàbí Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó bá fẹ́ wọ bàálù, pápákọ̀ òfuurufú méjì ló súnmọ́ ọn jù. Ti Ìlọrin wà lókè àríwá rẹ̀ gan-an. Bí a bá fa okùn lé e lórí àwòrán ilẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 65 ni. Ti Ìbàdàn, tó wà ní Alákíà, kò ju 80 lọ.

Láti pápá kan sí èkejì, nǹkan bíi kìlómítà 132 ni lójú òfuurufú. Bàálù tó ń sá eré kìlómítà 800 ní wákàtí kan ì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù kì í gbéra kó bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yí nílẹ̀ dé ibi tí yóò ti gbéra, yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ NAMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà òfuurufú, tó wà nínú ilé ìṣọ́, yóò máa gun òkè díẹ̀díẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú báyìí, kò ní tíì gòkè tán tí yóò fi tún máa sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣírò àkókò bàálù fi máa ń bu ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e, tí gbogbo rẹ̀ fi ń di ogójì.

Gígun òkè yẹn ló ń jẹ epo jù, owó ìbalẹ̀ kò sì dín nítorí pé ọ̀nà kúrú. Abájọ tí àwọn bàálù tó ń gbé èrò ní pápá méjèèjì fi ń forí lé Èkó tàbí Abùjá. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé bàálù lòun yóò wọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, tó gba Abùjá, yóò fò ju kìlómítà 700 lọ. Mọ́tò tó gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti já a sílẹ̀ tipẹ́.

Pápá mìíràn wà tó súnmọ́ Ìlobùú ju méjèèjì lọ. Ọdún 1936 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti la ojú ọ̀nà bàálù sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìjọba Gómìnà Oyinlola gbìyànjú láti sọ ọ́ jí, ti Aregbesola fi orúkọ MKO Abiola pè é, síbẹ̀ èrò kò tíì wọ bàálù níbẹ̀. Nígbà tó yá, Gómìnà Adeleke ní òun yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ẹdẹ, ìlú rẹ̀. Àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun kò gbà. Ó dùn mí pé àríyànjiyàn náà dá lórí ibi tí pápá yóò wà, tí kò sì kan irú bàálù tí yóò máa balẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti èrò Ìlobùú, ilẹ̀ ni ìrìn náà ti ń le. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra láàárọ̀ kùtù ní Ìlọrin kò lè dúró de kí ọkọ̀ kún ní gáréèjì. Bí kò bá ṣátà ọkọ̀, àfi kó lọ sùn sí Ìlọrin. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gbóná, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru. Lásìkò yẹn, kìlómítà 65 di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn.