Ẹ wo wàhálà! Òórùn inú báṣìnnì ń dájà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ abẹ́ páìpù lọ̀rọ̀ wà

Àràárọ̀ ni wọ́n ń fọ balùwẹ̀ náà, lọ́fínńdà ń ta sánsán níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ní kóun fọwọ́ nídìí báṣìnnì, òórùn bí ẹyin tó ti dòbu ni yóò bù tìì sí i nímú. Ojú á ti onílé. Bí àlejò bá ti lọ tán, ìjà dé nìyẹn. Ọkọ á ní ìyàwó òun ń dọ̀tí, ìyàwó á ní ọmọọ̀dọ̀ ló ń ṣọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀, ó lè má sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ báṣìnnì yóò rí páìpù kan tó wọ́ bí ìkọ́. Àwọn kan rò pé wọn ò rí páìpù gbọọrọ rà ni, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ilé ni. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbi tó ti wọ́ yẹn, omi ọ̀hún ló ń dínà mọ́ gáàsì tó ń ti sọ́kàwéè bọ̀. Alexander Cumming, ọmọ Scotland tó ń ṣe aago ní London, ló gbàwé àṣẹ lórí irú páìpù bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́dún 1775. Bí àwọn ará ilé bá lọ ṣọdún nílé, tí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, omi yẹn lè gbẹ, òórùn á sì rọ́nà wọlé. Kọ́ọ̀bù omi méjì tí wọ́n bá dà sí i ti tó.

Ṣùgbọ́n bí báṣìnnì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ bá ń rùn, àfàìmọ̀ ni kò ní í jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dì síbẹ̀: ọ̀rá ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín, itọ́ àti irun àgbọ̀n. Kéèyàn gbé korobá sábẹ́ páìpù, kó tú ibi tó wọ́ yẹn, kó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀ dáadáa, kó dá a padà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò. Kó má gbàgbé ihò kékeré tó wà lókè lára báṣìnnì, ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Bí òórùn ò bá lọ, iṣẹ́ pulọ́ńbà ló kù.

Èyí tó burú jù ni tàwọn tó ń da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, tí wọ́n á tún tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní klóríìnì, làwọn ọmọ ogun Jámánì fi pa èèyàn lójú ogun ní Ypres, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915. Ẹni tó ń wá bí òórùn yóò ṣe lọ lè gba ibẹ̀ pàdánù ẹ̀mí ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹlẹ̀ tútù. Ní ti báṣìnnì, omi díẹ̀ yẹn náà ni kò gbọdọ̀ gbẹ.