Ìsinmi Olówó Pọ́ọ́kú: Láti Ìsọlọ̀ dé Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Òwe yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ ọ́ di àwáwí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò ní owó ọkọ̀ òfurufú, kò sí ohun tí àwọn lè rí láyé. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá gba ìsinmi ọdọọdún, ilé ni yóò jókòó sí, tàbí kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe títí ọjọ́ ìsinmi yóò fi tán. Ohun tí a fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí nínú àlàyé yìí ni pé ìrìn-àjò afẹ́ kì í ṣe ti olówó nìkan, àti pé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó yẹ ní wíwò wà nítòsí wa, wọ́n sì ń tán lọ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣìṣẹ́ àgbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìsọlọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìsọlọ̀ jẹ́ ìlú àtijọ́ tí ó ní ọba tirẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Lónìí, bí a bá gba ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, ilé-iṣẹ́ ni ní ìhín, ilé ìkẹ́rùsí ni lọ́hùn-ún, ọkọ̀ àjàgbé sì tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ òru. Ènìyàn lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ogún ọdún kí ó má mọ̀ ju ọ̀nà ilé rẹ̀ sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé Èkó ni, ṣùgbọ́n kò tí ì rí Èkó.

Ní àgbègbè yìí kan náà ni ọjà Aswani wà, níbi tí èrò ti ń wọ́ lọ ra aṣọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ná ọjà náà ni kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí ó wà ládùúgbò náà ni. Aswani sì jẹ́ orúkọ ìdílé láàrin àwọn ará Íńdíà tí a ń pè ní Sindhi, tí òwò gbé kiri ayé. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dákẹ́, orúkọ ni ó kù lẹ́nu ọlọ́jà. Bí ìtàn ṣe ń fara pamọ́ sí ìdí ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Nígbà tí a ti dárúkọ Íńdíà, ó yẹ kí á wo ohun tí ìlú kan níbẹ̀ ṣe. Ahmedabad ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Ọba Ahmed Shah ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1411. Láti nǹkan bí ọdún 1861 ni ilé-iṣẹ́ òwú àti aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń fi ìlú náà wé Manchester ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn òṣìṣẹ́ sì fọ́n ká. Ní ọdún 1997, ìjọba ìlú náà dá ètò ìrìn-ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, amọ̀nà yóò kó àwọn àlejò jọ sí iwájú tẹ́ńpìlì kan ní Kalupur, wọn yóò sì fẹsẹ̀ rìn gba àárín àwọn ilé onígi àtijọ́ kọjá títí dé Jama Masjid, mọ́sáláṣí ńlá tí wọ́n parí ní ọdún 1424. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO ka ìlú náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí ń rìn, tí ń wò, tí ń béèrè, wà lára ohun tí ó mú kí ìlú náà mọ iyì ilé rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé, ǹjẹ́ Èkó ní ohun tí a lè wò bẹ́ẹ̀? Ó ní i, ó sì pọ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ Ìsọlọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Yóò wọ dánfó ní Ìyànà Ìsọlọ̀ lọ sí Mile 2. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Káàdì tí a ń pè ní Cowry ni a fi ń wọ̀ ọ́, nítorí náà kí ó ti fi owó sí i kí ó tó dé ìdí ọkọ̀. Ìrìn-àjò ojú irin náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìran wíwò. Ní Ìgànmú, yóò rí Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tí ìjọba kọ́ sílẹ̀ de àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní ọdún 2024. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ yóò gba orí omi kọjá, ilé gogoro Marina yóò sì yọ níwájú.

Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yà sí Kàtídírà ti Ìjọ Áńgílíkà ní Marina, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní ọdún 1946. Ohun ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni Crowther. Wọ́n mú un lẹ́rú ní ọdún 1821, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ náà ní ọdún 1864. Òun ni ó ṣe gudugudu méje nínú kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Láti ibẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ rìn dé gbàgede Tinúbú. Ẹfúnróyè Tinúbú, gbajúmọ̀ oníṣòwò, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ dé ibi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856. Abẹ́òkúta ni ó gbà á, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá níbẹ̀. Kò jìnnà sí gbàgede náà ni mọ́sáláṣí Shitta-Bey wà, ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ àwọn tí ó ti Sàró padà wálé, ni ó fi owó òwò rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1894, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì rán aṣojú wá láti fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ohun ìyanu kan ni pé João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì dé, ni ó ya àwòrán mọ́sáláṣí náà. Owó Sàró, ọgbọ́n Àgùdà, oyè Tọ́kì, gbogbo rẹ̀ pàdé lórí ilẹ̀ Èkó.

Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ni ó kàn. Ìtàn sọ pé orí ilẹ̀ oko ata Àrómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, èdè Ẹdó ni a sì ti fa orúkọ náà yọ, nítorí àjọṣe àtijọ́ tí ó wà láàrin Èkó àti Ìbìní. Ààfin ọba kì í ṣe ibi àwọléṣeré. Kí àlejò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé tàbí kí ó tó ya fọ́tò. Bí wọn kò bá tilẹ̀ jẹ́ kí ó wọlé, ìran ìta náà tó wò.

Lẹ́yìn èyí ni Pópó Àgùdà, ní àyíká gbàgede Campos. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn ni ó padà wá dó síbẹ̀. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, wọ́n sì mú oúnjẹ bọ̀ pẹ̀lú. Títí di òní, wọ́n ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà tí a ń pè ní frejon ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Ní òpópónà Kákáwà, kí ó béèrè ilé da Rocha, tí a ń pè ní Ilé Omi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré, ni ó kọ́ ọ. Kí omi ẹ̀rọ tó wọ Èkó, ìdílé náà ń ta omi kànga wọn fún ará ìlú.

Bí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ó, kí ó sinmi ní Ọgbà Òmìnira ní òpópónà Broad. Ẹ̀wọ̀n ìjọba àmúnisìn ni ibẹ̀ nígbà kan. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, níbi tí orin àti eré ti ń wáyé báyìí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà, pẹ̀lú ojú ihò ọta lára rẹ̀. Ọmọ tí ó ka orúkọ náà lára owó tàbí ní pápákọ̀ òfurufú yóò mọ̀ níbẹ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó lè gbà jáde lọ́jọ́ náà: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ, owó ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, àti ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá ṣe amọ̀nà. Oúnjẹ ni ó máa ń tú àpò jù, nítorí náà kí wọ́n di oúnjẹ láti ilé, kí wọ́n sì gbé omi dání. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje bá parapọ̀, owó amọ̀nà yóò fúyẹ́ lọ́rùn olúkúlùkù. Ọjọ́ Sátidé dára jù. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ìrun Jímọ̀, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n wọ bàtà tí ó rọrùn, kí aṣọ wọn sì bo ara dáadáa nítorí ilé ìjọsìn. Kí wọ́n mú ọmọ dání, kí ọmọ náà sì mú ìwé àti gègé dání.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni kánjúkánjú náà? Ṣebí àwọn ilé náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn yóò sì máa wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní gbàgede Tinúbú yìí kan náà ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilójó Bar, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ó lẹ́wà jù ní Èkó. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gbó, ó lè wó lu ènìyàn. Àwọn mìíràn ní títún ni ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé tí ìjọba ti fi òfin dáàbò bò fún ọgọ́ta ọdún di ẹrù òkúta láàrin ọjọ́ kan. Àìmọye òṣìṣẹ́ ni ó ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A kò sọ pé owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ni yóò tún òrùlé ilé àtijọ́ ṣe. Àtúnṣe ilé ńlá ju agbára ìdílé mìíràn lọ, ojúṣe ìjọba sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni ó rọrùn láti wó. Bí èrò bá ń wá, ìdílé tí ó ni ilé yóò rí i pé ó níye lórí. Ìjọba yóò rí i pé ojú ń wò. Ọmọ tí ó bá sì ti fọwọ́ kan ògiri náà ní kékeré yóò béèrè nígbà tí ó bá dàgbà pé ta ni ó fẹ́ wó o. Ọmọ tí ó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Nítorí náà, bí ìwé ìsinmi bá tẹ òṣìṣẹ́ Ìsọlọ̀ lọ́wọ́ lọ́dún yìí, kí ó yọ ọjọ́ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Kí ó fi owó sí káàdì rẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì, kí ó jí ní kùtùkùtù Sátidé, kí ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ dání. Abuké erin lè wà lókèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, owó dánfó àti owó ọkọ̀ ojú irin sì tó o dé.