Òkú Tí A Pè: Ikú àti Ìpadàbọ̀ nínú Eré Ìtàn Orí Tábìlì

Nínú lúdò tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta ní Ìdànrè, ikú kì í ṣe ohun bàbàrà. Bí wọ́n bá pa ọmọ rẹ, yóò padà sílé. Bí o bá ju mẹ́fà, yóò tún jáde. Kò sí ẹni tí í bi ọmọ lúdò bóyá ó fẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Dungeons & Dragons, eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Níbẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan a ṣẹ̀dá ẹ̀dá-ìtàn kan, a máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, dáìsì a sì sọ ibi tí ó já sí. Ẹ̀dá-ìtàn tí ènìyàn ti ń tọ́ bọ̀ fún oṣù púpọ̀ lè kú lálẹ́ ọjọ́ kan.

Nínú ẹ̀dà karùn-ún eré náà (2014), ẹni tí agbára rẹ̀ tán a máa ju dáìsì olójú ogún. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yege lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú nìyẹn. Idán tí ó lè mú un padà kì í ṣe ọ̀fẹ́: èyí tí ó rọrùn jù ń fẹ́ dáyámọ́ǹdì tí ó tó 300 owó wúrà, láàárín ìṣẹ́jú kan péré, èyí tí ó ga jù lè pe ẹni tí ó ti kú láti 200 ọdún, ó sì ń ná 25,000. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó mú mi kọ iṣẹ́ yìí. Òfin méjì ni: ẹ̀mí òkú náà gbọ́dọ̀ fẹ́ padà, idán tí ó ga jù pàápàá kò sì ràn ẹni tí ogbó pa.

Òfin kìíní kò ṣàjèjì sí wa. Nínú The Palm-Wine Drinkard (1952) tí Amos Tutuola kọ, ọ̀mùtí rin ìrìn àjò dé Ìlú Àwọn Òkú láti mú adẹ́mu rẹ̀ padà. Adẹ́mu náà kọ̀. Ẹyin ni ó fún un. Ó ní òkú kò lè bá alààyè gbé. (Ọ̀mùtí yìí kan náà ti ta ikú tirẹ̀ ní £70:18:6d, owó wúrà àwọn ará Amẹ́ríkà kò jẹ́ tuntun.)

Òfin kejì ni ó takò wá. Lójú Yorùbá, ẹni tí ogbó pa gan-an ni ó ń padà, inú ọmọ ni ó sì ń gbà wá: ẹ gbọ́ Babátúndé, ẹ gbọ́ Yétúndé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé a di àkúdàáyà, a lọ sí ìlú òkèèrè, a fẹ́ aya, a ṣòwò. Bí ojúlùmọ̀ bá sì rí i, a pòórá. Eré náà ń pe òkú àìtọ́jọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀; àkúdàáyà ń sá fún wọn ni.

Nítorí náà, mo lòdì sí àwọn tí yóò fi "àjíǹde" túmọ̀ idán yìí. Ọlọ́run ni ó ni àjíǹde, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí gbà bẹ́ẹ̀; a kì í fi dáyámọ́ǹdì rà á. "Àtúnwá" náà kò ṣe é lò, nítorí kò sí ìkún ìyá nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ìpèpadà" ni mo dábàá. Bí ẹnìkan bá dákú láàárín wa, orúkọ rẹ̀ ni a máa ń pè. Ẹni tí a pè sì lè má dáhùn. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ pípe ẹ̀mí òkú fún ìbéèrè jù. Mo gbà, ṣùgbọ́n "padà" tí ó kẹ́yìn rẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó ku Ògún, tí Wọlé Ṣóyínká kọrin rẹ̀ nínú ewì Idanre (1967), tí ó fi àwọn òkè tí mo ń wò yìí sọ orúkọ. Ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìrè. Òrìṣà ni, àmọ́ kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn padà. Adarí eré tí ó bá fẹ́ fi Ìrè ṣe pápá eré ní láti kọ́kọ́ pinnu bóyá yóò fi dáyámọ́ǹdì sínú rẹ̀ rárá.