Ọkọ̀ Nìkan Kọ́: Ìyàtọ̀ Láàárín Transport àti Logistics

Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo alùpùpù tó ń gbé ẹrù kiri Èkó ni wọ́n kọ “Logistics” sí lára àpótí? Lójú tèmi o, transport ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Kò sí àbùkù níbẹ̀, àmọ́ ọlọ́jà tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, owó ń jò lápò rẹ̀.

Transport ni kí ẹrù kúrò níbí kó dé ọ̀hún. Logistics ni gbogbo ìrònú tó yí ìrìn náà ká: ìgbà wo ni ẹrù yóò gbéra, inú kí ni a óò dì í sí, ibo ni yóò sùn, ta ni yóò gbà á, kí ni ọkọ̀ yóò gbé bọ̀. Bí iná àti ọbẹ̀ ni. Láìsí iná, ọbẹ̀ ò lè jinná, àmọ́ iná kì í ṣe ọbẹ̀.

Ẹ wo tòmátì. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń jẹ l'Ékòó ti ń wá. Láti Kánò dé ọjà Mile 12, ó tó bíi 1,000 kìlómítà. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó o sí, wọ́n á wá to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ò le, nítorí náà tòmátì ìsàlẹ̀ ló ń ru ti òkè. Ẹ fi ooru kún un, ẹ fi kòtò ojú ọ̀nà kún un. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, omi pupa ti ń kán nídìí rẹ̀. Dírẹ́bà ò sì jẹ̀bi: ó ní òun óò dé, ó dé. Transport yọrí, logistics ló bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ní ọkọ̀ tuntun nínú. Ẹ kó o sínú kírétì oníke tó le, kí ẹrù òkè jókòó lórí kírétì, kó má jókòó lórí tòmátì. Ẹ ká a nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kí alágbàtà Mile 12 ti mọ iye tó ń bọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ibi tó le jù ni kírétì òfìfo. Apẹ̀rẹ̀ ò wọ́n, èèyàn lè fi sílẹ̀ sọ́jà. Kírétì wọ́n, ó gbọ́dọ̀ padà sí Kánò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kà á, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sanwó àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ronú débẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí.

Ọ̀rọ̀ Àpápá náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí tírélà ṣe ń tò sórí afárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí wọ́n ń retí àtiwọ èbúté. Ọkọ̀ ò wọ́n wọn níbẹ̀, ó tiẹ̀ pọ̀ jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pe tírélà: kí ó dúró ní páàkì títí yóò fi kàn án. “Eto” ni wọ́n sọ ọ́, ètò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn náà. (Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi.) Kò wo gbogbo àrùn náà sàn, àwọn awakọ̀ ṣì ń ráhùn, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ni wọ́n fọwọ́ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà lórí Instagram ńkọ́? Ká ní ẹ wà ní Yábàá, ẹni mẹ́rin rà á ní Lẹ́kí lọ́sẹ̀ kan, ẹ sì rán dispatch lẹ́ẹ̀mẹrin ní ₦4,000. ₦16,000 nìyẹn. Bí ẹ bá kéde pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ẹ ń ránṣẹ́ sí Lẹ́kí, ìrìn kan lè kó gbogbo rẹ̀, kódà bí ẹ bá lé owó díẹ̀ fún un. Ẹ pe oníbàárà kí alùpùpù tó gbéra. Bí fóònù rẹ̀ bá ti kú, bàtà á padà wá, ẹ óò sì san owó àlọ àti àbọ̀. Kí ó sì ti wà lójú ewé yín, kó tó sanwó rárá, ẹni tí yóò san owó ìdápadà bí bàtà náà bá fún un lẹ́sẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ibi ìkẹ́rùsí ló kàn.