Ọ̀pá Ìfètòsọ́mọbíbí àti Hòmóònù Inú Ara Obìnrin

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 1978, wọ́n bí Louise Brown sí ilé ìwòsàn gbogbogbòò ní Oldham. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ lágbàáyé tó jẹ́ pé ìta ara ni ẹyin ìyá rẹ̀ àti àtọ̀ bàbá rẹ̀ ti pàdé. Kí Patrick Steptoe, Robert Edwards àti Jean Purdy tó gba ẹyin náà, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ ìyá rẹ̀ wò léraléra. Hòmóònù LH ni wọ́n ń wá. Abẹ́ ọpọlọ ló ti ń wá. Tó bá pọ̀ lójijì, ẹyin fẹ́ jáde nìyẹn.

Àmì yìí gan-an ni ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí ń dá dúró. Nọ́ọ̀sì máa ń fi ọ̀pá náà sábẹ́ awọ apá. Nexplanon, tí wọ́n ń lò ní Britain, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ní mílígíráàmù 68 hòmóònù etonogestrel nínú. Díẹ̀díẹ̀ ni hòmóònù yìí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún 3. LH kì í lè pọ̀ lójijì mọ́, nítorí náà ẹyin kì í jáde.

Nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan á dáwọ́ dúró, tàbí kó máa ségesège. Wọ́n á wá máa bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́ jọ sínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hòmóònù náà kì í jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ nípọn, torí náà kò sí ohun tí yóò ya dànù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, kí obìnrin tètè lọ rí dókítà.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ hòmóònù náà túútúú. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, carbamazepine tí wọ́n fi ń wo wárápá, àti efavirenz tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára ṣiṣẹ́ yìí. Hòmóònù á dín kù, oyún sì lè dé. Nítorí náà, ó yẹ kí obìnrin sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún nọ́ọ̀sì, kó má sì fi àgbo pamọ́.

Bí wọ́n bá yọ ọ̀pá náà, hòmóònù rẹ̀ á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. LH á tún máa pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, obìnrin náà sì lè lóyún.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí nǹkan oṣù fi lè dáwọ́ dúró? Ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀.