Bí Pothos Tí Kì í Yọ Òdòdó Ṣe Ń Ní Ẹ̀yà Tuntun

Ẹ ó ti rí Pothos rí, kódà bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ewéko tí ìtàkùn rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí pẹpẹ nínú ọ́fíìsì, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ní ìdí, tó sì ṣóńṣó lẹ́nu. Erékùṣù Moorea, ní àárín Òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lákọ̀ọ́kọ́.

Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan jẹ́ àdíkálà: ewé kan ṣoṣo, funfun níbí, tútù yọ̀yọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni Pearls and Jade, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florida mú jáde ní ibùdó ìwádìí wọn ní Apopka, ní Amẹ́ríkà. Láti ara ẹ̀yà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Marble Queen ni wọ́n ti rí i.

Kí ló fa funfun yẹn? Èròjà kan wà nínú ewé tó ń jẹ́ chlorophyll. Ẹ jẹ́ ká pè é ní aró ewé, nítorí òun ló ń mú kí ewé tutù lójú. Òun náà ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewéko fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ibi tó funfun kò ní aró ewé tó, nítorí náà kò lè bọ́ ara rẹ̀. Ibi tó tutù ló ń bọ́ ọ.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ní ẹ̀yà tuntun nígbà tí àtíkè òdòdó kan bá bọ́ sínú òdòdó mìíràn, tí irúgbìn sì jáde. Ṣùgbọ́n Pothos kì í sábà yọ òdòdó. Ọdún 1964 ni àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀yìn tó fi hàn pé ó yọ òdòdó fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ara rẹ̀ kò lè ṣe omi ara kan tí wọ́n ń pè ní gibberellin bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n fín omi ara yìí sí i, ó yọ òdòdó.

Níbo wá ni ẹ̀yà tuntun ti ń wá? Láti inú àyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ara ewéko fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka kan lè ṣàdédé yọ ewé tí kò jọ ti àwọn yòókù. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò gé ẹ̀ka náà, yóò gbìn ín, yóò tún gé lára èyí tó hù, yóò gbìn ín, títí yóò fi dá a lójú pé àwọ̀ náà kò yí padà.

Bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ náà la ṣe ń gbìn ín: igi rẹ̀ la ń gé, oríkèé sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí a gé. Bí ẹ bá já ewé nìkan tí ẹ fi sínú omi, ó lè ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò ní yọ ìtàkùn láéláé.

Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ní pa á. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ewé tuntun lè máa tutù sí i. Bí ẹ̀ka kan bá tutù pátápátá, ẹ tètè gé e, torí yóò yára dàgbà ju àwọn àdíkálà lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá jẹ ẹ́ o. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò, irú èròjà tó ń mú kí kókò tútù yún ni lọ́fun sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, wọ́n máa ń ṣi Pearls and Jade mú fún N'Joy, tí òun náà wá láti ara Marble Queen. Ẹ wo ibi tó funfun: ti Pearls and Jade ní tótòtó àwọ̀ ewé àti eérú nínú, ti N'Joy sì mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo ìtàkùn. Ibi tí ìlà funfun bá ti wà lára rẹ̀ ni ewé àdíkálà sábà máa ń yọ.